Bí Ẹ̀rọ Bá Ṣe Yín Léṣe Lẹ́nu Iṣẹ́, Ẹ Má Ṣe Fi Í Pamọ́

Láti ọwọ́ Nọ́ọ̀sì dísípẹ́ńsárì wa ní Festac Town

Àwọn baba wa máa ń wí pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọba. Kì í béèrè ìka tí ó ṣẹ̀ kí ó tó gé e. Ìka ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún àti ìka ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àná, bákan náà ni wọ́n rí lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ tí ẹ̀rọ ń dá sí òṣìṣẹ́ lára ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí: ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e nígbà tí ẹ bá ti fi tó ọ̀gá yín létí. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, àìmọ̀ yìí ni ó sì ń sọ ọgbẹ́ oṣù mẹ́ta di ìyà ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà tí ìjọba kọ́ Festac, àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú gbogbo àgbáyé ní 1977 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Wọn kò kọ́ ọ fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká wa lónìí. Ilé búrẹ́dì ń bẹ lẹ́yìn ilé, ilé píọ̀ wọ́tà ń bẹ ní ìkángun àdúgbò, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tẹ búlọ́ọ̀kù ń bẹ ní etí títì. Ní Agboju, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ ata kì í sinmi láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn jórinjórin ń bẹ níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń jí ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ òru kí wọ́n lè tètè wọ ọkọ̀ ní Mile 2 lọ sí Isolo, Ikeja àti Apapa, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ike, páálí àti irin. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí oògùn ìṣẹ́ náà tún di ohun tí ń dá ìṣẹ́ sílẹ̀ nínú ilé.

ÀWỌN ỌGBẸ́ TÍ A MÁA Ń RÍ

Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọta a máa fa ìborùn, etí ìró tàbí apá bùbá mọ́ra. Kí ènìyàn tó pariwo, ọwọ́ ti tẹ̀lé aṣọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ní irin róbótó méjì tí ń yí kojú ara wọn. Bí ó bá gbé ọwọ́ wọlé, kì í gé e bí ọ̀bẹ, ńṣe ni í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí í sì bó awọ rẹ̀ bí ẹni bọ́ ìbọ̀wọ́. Ayùn oníná a máa gé ìka méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí ń tẹ ike a máa tẹ ọwọ́, a sì tún máa jó o, nítorí gbígbóná ni ike náà ń wọ inú rẹ̀. Àwo tí àwọn jórinjórin fi ń ha irin a máa fọ́ nígbà mìíràn, èérún rẹ̀ a sì fò wọ ojú ẹni tí kò lo awò.

Ọgbẹ́ kan wà tí ń tan ènìyàn jẹ. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ń fi agbára ńlá tú ọ̀dà tàbí gírísì jáde láti ẹnu tóóró. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan ìka, ojú ihò tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́ ni ẹ óò rí, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dun ni ní wákàtí àkọ́kọ́. Òṣìṣẹ́ a nu ọwọ́ rẹ̀, a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà ti sáré gba inú ìka lọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti ń ba ẹran ara jẹ́ láti inú wá. Irú ọgbẹ́ báyìí ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ kẹta lè pàdánù ìka náà.

KÍ Ẹ TÓ GBÉ E DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Èkíní, ẹ pa ẹ̀rọ náà láti ibi tí iná ti ń wá, kí ẹnì kan sì dúró níbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún un tàn. Bí ọwọ́ bá há sínú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi ipá fà á. Ẹ pe ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ náà kí ó tú u.

Èkejì, ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ fi aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ gidigidi fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ẹ gbé apá náà sókè ju àyà lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde ní apá tàbí ẹsẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, tí títẹ̀ kò sì dá a dúró, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ di òkè ọgbẹ́ náà pinpin, kì í ṣe lórí oríkèé. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí wáyà kò dára fún un. Ẹ kọ àkókò tí ẹ dì í sára aláìsàn, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aago kúrò kí ọwọ́ tó wú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí ojú ọgbẹ́. Mo ti rí ọgbẹ́ tí wọ́n da kẹrosíìnì sí, mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ̀rọ kùn, mo sì ti rí èyí tí wọ́n fi ewé rírún dí. Gbogbo wọn ni ó máa ń sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ó bá jẹ́ pé iná tàbí ike gbígbóná ni ó jó o, omi tútù tí ń ṣàn ni kí ẹ fi rọ̀ ọ́ lójú fún ìṣẹ́jú 20. Bí nǹkan bá gún ojú, ẹ má ṣe yọ ọ́, ẹ má sì ṣe ra ojú náà. Ẹ rọra fi nǹkan bò ó, kí ẹ máa bọ̀.

Wàyí o, bí ìka bá gé já, ẹ wá a. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ẹ má sì ṣe sin ín. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án díẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ tí ẹ ti fi omi mímọ́ rin wé e, ẹ fi í sínú lọ́rá, kí ẹ di ẹnu lọ́rá náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá gbé lọ́rá náà lé inú omi tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìka fúnra rẹ̀ kan yìnyín, nítorí yìnyín a máa pa ẹran ara. Ìka tí a bá tọ́jú báyìí lè dúró de dókítà fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n odidi apá, nítorí ẹran tí ó pọ̀ lára rẹ̀, kò lè dúró ju bí wákàtí 6 lọ. Kì í ṣe gbogbo ìka ni a lè so padà, dókítà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ìka tí ẹ kò gbé wá, kò sí dókítà tí ó lè so ó.

Ẹ ò mọ bí ọ̀nà Mile 2 ti máa ń rí bí ọkọ̀ tírélà bá dí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò láti ilé elégbòogi kan dé òmíràn. Ẹ pe 767 tàbí 112, òun ni nọ́ḿbà pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Fún eegun àti ọwọ́ tí ó bàjẹ́ púpọ̀, ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi ni a máa ń darí ènìyàn sí. Láti 1945 ni ilé ìwòsàn náà ti wà, nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ẹ sì mọ̀ dájú pé òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ aláìsàn pàjáwìrì sílẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ọgbẹ́ ẹ̀rọ, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àrùn yìí ni ó máa ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa tí í sì máa ń na ara gan bí igi. Bí ọgbẹ́ bá dọ̀tí, tí ó sì ti ju ọdún 5 lọ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà kẹ́yìn, ẹ nílò òmíràn.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ ÈNÌYÀN PA ẸNU MỌ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí. Nígbà tí aláìsàn bá jókòó níwájú wa, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi í ni pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” Ohun tí ó bá dáhùn ni a óò kọ sínú káàdì rẹ̀. Àìmọye ìgbà ni òṣìṣẹ́ máa ń wo ojú ẹni tí ó tẹ̀lé e wá láti ilé iṣẹ́ kí ó tó dáhùn. Yóò wá ní, “Ilé ni mo ti fi àdá gé ara mi.” Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ kì í parọ́. Àdá a máa gé nǹkan tónítóní. Ọgbẹ́ tí etí rẹ̀ fọ́, tí ọ́ìlì dúdú wà nínú rẹ̀, tí eegun sì rún wómúwómú, àdá ilé wo ni ó ṣe é?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ọ̀dọ̀ wa lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ìka méjì ni ẹ̀rọ tẹ̀ fọ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Fọ́mànù tí ó bá a wá ti san owó káàdì, ó sì ti ṣèlérí fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́ bí ó bá ti lè sọ pé ilé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan náà ni ó sọ, ohun tí ó sọ náà ni mo sì kọ. Mo tún kọ bí mo ti rí ọgbẹ́ náà pẹ̀lú ojú ara mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ni ó padà wá. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè di nǹkan mú mọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bá mi yí ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà padà.” Àánú rẹ̀ ṣe mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ sínú ìwé aláìsàn, a kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ohun tí ó kù tí mo lè ṣe ni kí n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tuntun sí abẹ́ déètì tuntun, kí n sì jẹ́ kí ó gba ẹ̀dà ohun tí mo ti kọ nípa bí ọgbẹ́ náà ti rí. Ìyẹn ṣe ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè lágbára bí òtítọ́ tí à bá ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, káàdì ilé ìwòsàn ni ẹlẹ́rìí yín àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu ara yín sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ọ̀tá. Ẹ sọ orúkọ ilé iṣẹ́, ẹ sọ irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́, ẹ sọ ọjọ́ àti agogo. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ẹni tí ó tẹ̀lé yín wá, ẹ ní ẹ fẹ́ bá nọ́ọ̀sì nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Kì í ṣe lónìí ni a ti ń ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1844 ni òfin ti kọ́kọ́ pa á láṣẹ pé kí wọ́n fi nǹkan bo ẹ̀rọ tí ó léwu, kí wọ́n sì máa jábọ̀ ìjàm̀bá fún dókítà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ ti wà láti 1941, ní ayé àwọn òyìnbó. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni ti 2010, tí wọ́n ń pè ní Employees' Compensation Act. Àjọ NSITF, tí í ṣe àjọ adójútòfò ti ìjọba àpapọ̀, ni ó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni yóò máa san náírà 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tí ó ń san sínú àpò àjọ náà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́.

Ẹ di àwọn ọjọ́ mẹ́ta yìí mú. Ọjọ́ 14 ni òfin fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa láti fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Bí ó bá jẹ́ pé ó kú, àwọn tí ó ń bọ́ ni yóò ṣe é. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti jábọ̀ fún àjọ NSITF. Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ ní ọdún 1 láti ọjọ́ ìjàm̀bá náà láti kọ̀wé béèrè owó rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1987 tún wí pé bí ìjàm̀bá bá pa ènìyàn, tàbí tí kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọjọ́ 3 lọ, dandan ni kí ọ̀gá kọ̀wé sí olùbẹ̀wò ilé iṣẹ́. Ẹ rántí bí àwọn wolé-wolé ti máa ń wo ilé fún ìmọ́tótó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùbẹ̀wò yìí wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti máa wo ẹ̀rọ bóyá wọ́n bò ó bí ó ti yẹ.

Jíjábọ̀ fún ọ̀gá kì í ṣe nǹkan líle. Ẹ lè sọ fún mánéjà, súpáfáísọ̀, tàbí ẹni tí ń tọ́jú àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Orúkọ yín, ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, irú ọgbẹ́ náà àti ohun tí ó fà á: ó parí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ a máa gbé e lọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢẸLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Bí a bá jábọ̀ bí ó ti yẹ, ilé iṣẹ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìjàm̀bá wọn. Fọ́ọ̀mù yóò lọ sí NSITF pẹ̀lú ìwé dókítà. Àjọ náà lè san owó ìtọ́jú, iṣẹ́ abẹ, àti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀. Ó sì lè ràn án lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mìíràn bí kò bá lè ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, owó wà fún un. Ẹni tí ó pàdánù ẹ̀yà ara kan, wọn óò wọn ohun tí ó pàdánù láti mọ iye tí ó tọ́ sí i. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, òfin ní kí ó máa gba náírà 90 nínú 100 owó tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ bá kú lẹ́nu iṣẹ́ tí ó fi aya àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, iye kan náà ni òfin kọ fún wọn. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe owó ọṣẹ ni à ń sọ.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí apá kan tí ó kan àwa nọ́ọ̀sì. Dókítà kò lè sọ iye agbára tí ọwọ́ pàdánù títí ọgbẹ́ yóò fi jinná tán. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í padà wá mọ́ nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti gbẹ. Èyí kò dára fún ọwọ́, kò sì dára fún ìwé. Ọwọ́ tí a kò bá tọ́ sọ́nà lẹ́yìn tí ó jinná a máa gan, a sì máa ká kò. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa wá na ìka fún oṣù mẹ́ta, ẹ máa wá fún oṣù mẹ́ta. Bí ọgbẹ́ bá ń gbóná, tí ó ń rùn, tí ó ń ṣomi, tàbí tí ibà gbé e dé, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá wá ni a óò kọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì jẹ́rìí yín.

Ẹ tọ́jú nǹkan wọ̀nyí sínú fáìlì kan: káàdì ilé ìwòsàn, rìsíìtì oògùn, fọ́tò x-ray, ẹ̀dà ìwé tí ẹ fi jábọ̀, àti ohun tí ó fi hàn pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, bíi káàdì ilé iṣẹ́ tàbí ìwé owó oṣù. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní báńkì, kí ó tọ́jú àkọsílẹ̀ báńkì rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N MÁA Ń BI MÍ

“Alágbàṣe ojúmọ́ ni mí, n kò ní ìwé ìgbàsíṣẹ́. Ǹjẹ́ òfin yìí kàn mí?” Ó kàn yín. Òfin náà ka ẹni tí a fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́, alágbàṣe, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ pàápàá mọ́ òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ka ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá rẹ̀.

“Èmi ni mo ṣe àìkíyèsí, bóyá èmi ni mo jẹ̀bi.” Òfin náà kò ní kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi kí ẹ tó gba nǹkan. Ohun tí ó ń wò ni bóyá iṣẹ́ ni ó fa ọgbẹ́ náà.

“Ọ̀gá fún mi lówó, ó sì ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní béèrè ohunkóhun mọ́.” Òfin kò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀tọ́ tí òfin fún un. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà, tàbí èyí tí a kò kà fún yín ní èdè tí ó yé yín.

“Ọ̀gá mi kò san owó kankan sí NSITF.” Ẹ jábọ̀ síbẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí NSITF fúnra yín. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ lọ bá wọn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà fún àwọn tí kò lágbára láti san owó lọ́yà. Bí ìpinnu àjọ náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí wọ́n tún un wò, lẹ́yìn èyí ni ẹ lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

“Èmi ni mo ni ẹ̀rọ ìlọta mi, n kò ní ọ̀gá.” Ìyá mi, òfin yìí kò fi bẹ́ẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tí ń sanwó fún yín. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ. Ẹ ní kí jórinjórin fi irin bo bẹ́líìtì náà yíká. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má ṣe wọ ìborùn sídìí ẹ̀rọ. Igi ni kí ẹ fi máa ti ata wọlé, ẹ má ṣe fi ìka. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni ọ̀gá tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN Ọ̀GÁ

Mo mọ̀ pé ìnáwó pọ̀, iná mànàmáná kò dúró, dísù sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Irin tí a fi bo eyín ẹ̀rọ àti bẹ́líìtì kò wọ́n tó ìka kan. Òfin sì pa á láṣẹ pé kí gbogbo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ wà ní bíbò. Ẹni tí ó yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ lè yá, ó ń fi ọwọ́ ọlọ́wọ́ ta tẹ́tẹ́. Ẹ má ṣe fi ọmọ tuntun sídìí ẹ̀rọ kí ẹ tó kọ́ ọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú tún bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀sán. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti nù ún nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Ìdí pàtàkì wà fún un. Ìjàm̀bá tí a fi pamọ́ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Ẹ̀rọ tí ó gé ìka Lámọrín lóṣù yìí, tí a kò kọ ọ́ sílẹ̀, tí a kò tún un ṣe, yóò gé ti ẹlòmíràn lóṣù tí ń bọ̀. Owó kọ̀rọ̀ tí ẹ san láti fi dí ẹnu òṣìṣẹ́ kò pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Bí ẹ bá sì ti ń san 1 nínú 100 yẹn déédéé, àpò àjọ ni yóò gbé ìnáwó náà, kì í ṣe àpò yín. Ta ni ìpamọ́ wá ṣe láǹfààní?

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é ní ṣókí fún ẹni tí yóò gé ìwé yìí lẹ̀ mọ́ ara ògiri ibi iṣẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ gbé ìka tí ó gé dání. Ẹ wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ òtítọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ jábọ̀ fún ọ̀gá lórí ìwé kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé yín, ẹ sì béèrè ẹ̀tọ́ yín kí ọdún tó yí po. Ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, òun náà ni a sì fi ń wá oúnjẹ ọmọ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ wa jìyà iṣẹ́.

Ó dìgbà kan ná.